Ẹranko Tí Kì í Pariwo: Òjò Ọdún 1985 ní Elekahia

Mọ́ńdè, 3 Júùnù 1985

Mo ti dé láti ọsibítù. Káyọ̀ ọkọ mi ti gbé bẹ́ẹ̀dì wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé iwájú kí n lè máa rí àwọn tó ń kọjá. Dókítà Pius ti fi okùn rán ẹnu ilé ọmọ. Ó ní tí mo bá fẹ́ kí oyún kẹta yìí dúró, àfi kí n gbàgbé pé mo lẹ́sẹ̀. "Madam, bed and toilet. Toilet and bed. Finish." Mo bi í pé títí dìgbà wo. Ó ní títí ọmọ yóò fi ké.

Àwọn méjì ìṣáájú, oṣù karùn-ún ni wọ́n ti bọ́. Mi ò fẹ́ ro ìyẹn lónìí.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ti fún mi láàyè, ẹlòmíràn ni yóò máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Bàọ́lọ́jì. Ìtàn mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí mi ò bá lè rìn, mo lè kọ. Nígbà tí mo gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá ní ilé ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn lásìkò Àjíǹde, ó ní, "Ìyáàfin, àwọn èèyàn inú ìtàn yín dùn ún bá gbé. Ẹranko yín ni kò bà mí lẹ́rù. Mo ń kà á, mo ń jẹ ẹ̀pà lọ. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ gbé e padà wá kí ọdún tó parí."

Ẹ̀pà! Ẹranko tí mo fi odindi ọdún kan tọ́.

Wẹ́sìdeè, 5 Júùnù

Òjò láti ìdájí. Kò sí NẸ́PÀ.

Mo tún orí kìn-ín-ní kà. Àwọn èèyàn wa bí ọ̀ọ́dúnrún ló kó lọ tẹ̀dó sí ayé mìíràn tó jìnnà sí tiwa, tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀ Ọ̀sán, níbi tí oòrùn kì í tètè wọ̀. Gbàgìràmù, ẹranko ibẹ̀, ga tó igi ọ̀pẹ. Ẹnu mẹ́ta. Iná ń jáde ní imú rẹ̀. Ó sì máa ń bú ramúramù kó tó dé.

Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara mi léèrè pé kí ni irú ẹran bẹ́ẹ̀ ń jẹ kí àwọn èèyàn wa tó dé? Ara tó tóbi tó yẹn kò lè fi èèyàn kan ṣoṣo yó lóòjọ́. Kó tó pẹ́ ó ti jẹ gbogbo wọn tán, ebi á wá pa òun náà kú lórí eegun wọn. Ẹran tó ń bú kó tó dé ńkọ́, ta ló fẹ́ dúró dè é? Gbàgìràmù kì í ṣe apẹranjẹ. Ariwo lásán tó léyín ni.

Mo fa igi gbọọrọ lé e lórí. Ó dùn mí bí ẹni pa ajá ara rẹ̀.

Sátidé, 8 Júùnù

Mílíìkì ti tún gbówó lórí ní ọjà Rumuomasi. Káyọ̀ ra agolo kan péré, ó ní ọmọ ni òun rà á fún, kí n bá a mu ún.

Túsìdeè, 11 Júùnù

Ọmọńlé kan ń gbé lókè àjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù. Nígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná wá nírọ̀lẹ́, á yọ, á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kò ní mira. Kì í lé ẹnikẹ́ni. Àwọn àfòpiná ló ń wá bá a. Ó ń gbìyànjú, ó ń tàsé, ó ń tàsé, ó tún dúró. Àtàsé rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó mú lọ, síbẹ̀ ó sanra.

Mo sọ fún Káyọ̀ pé apẹranjẹ gidi kì í fi okun rẹ̀ ṣòfò. Ó mọ ohun tí ẹran tó ń jẹ kò lè ṣe kó má ṣe. Àfòpiná kò lè ṣe kó má lọ bá iná. Kí wá ni èèyàn kò lè ṣe kó má ṣe?

"Omi," ni Káyọ̀ wí. "Jẹ́ kó lúgọ sétí odò."

"Ọ̀nì ti ń ṣe ìyẹn. Tó bá jẹ èèyàn méjì, àwọn yòókù á gbẹ́ kànga."

"Oorun ńkọ́?"

"Wọ́n á yan ọlọ́dẹ."

"Oúnjẹ?"

"Wọ́n á gbìn ín sẹ́yìnkùlé."

Ó họ orí. "Àwọn èèyàn rẹ gbọ́n jù."

"Èèyàn ni wọ́n. Ohun tó bá pa wá lẹ́ẹ̀mejì, a ti mọ̀ ọ́n."

Ohun tí mo ń wá nìyẹn: ohun tí ọgbọ́n kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ pé yóò pa wá tí a óò sì tún ṣe é.

Sátidé, 22 Júùnù

Ìyá Káyọ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án yìí, pẹ̀lú àpò ẹ̀gúsí, ògì gbígbẹ àti adìyẹ méjì tó ti rẹ̀ nínú mọ́tò. Ìyá ní òun kò ní lọ títí ọmọ yóò fi dé. Inú mi dùn, àyà mi sì já. Láti òní lọ, "ẹ" ni mo gbọ́dọ̀ máa pe Káyọ̀. Àwa méjèèjì ò lè wo ojú ara wa nígbà tí mo sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé omi."

Mọ́ńdè, 24 Júùnù

Ìyá gbọ́ ohun tí mo ń kà fún Káyọ̀.

"Ìyàwó, ẹranko wo ló ń jẹ èèyàn nínú ilé yìí?"

Mo ṣàlàyé. Ìyá jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

"Aboyún kì í fi ojú inú wo ohun tó burú. Ohun tó dára ni kí o máa rò. Ṣé o ò mọ̀ pé ọmọ yìí ń gbọ́ ni?"

Káyọ̀ ní, "Ìyá, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn o."

"Iṣẹ́ wo? Ọmọ ni iṣẹ́ rẹ̀ báyìí."

Ìwé náà, tí ìtàn àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ mi jọ wà nínú rẹ̀, ti wà lábẹ́ àpótí Ìyá. Mo ń kọ èyí sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, màá dà á kọ sínú ìwé náà tó bá yá.

Fúráìdè, 28 Júùnù

Ìyá dá ìwé padà fúnra rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gbà á, mi ò jẹun dáadáa, àti pé ẹranko tí èèyàn ń kọ sílẹ̀ sàn ju èyí tó ń rìn nínú orí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ kà á sókè létí òun.

Wẹ́sìdeè, 3 Júláì

Boma wá dirun fún mi lọ́sàn-án. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lójú pópó kejì, ará Okrika ni, ilé wa kọjú síra. "Jumo" ló ń gé orúkọ mi sí. Ó bi mí ibi tí ẹranko mi dé. Mo ní mo ṣì ń wá ohun tí yóò fi mú èèyàn.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú irun mi.

"For war time," ni Boma wí, "I see that kind animal. But na person."

Ó sọ ọ́ fún mi, mo fi ẹ̀yìn sí i, mi ò rí ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin bí ọdún méjìlá ni nígbà ogun abẹ́lé, òun àti àwọn òbí rẹ̀ sá sínú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan. Wọ́n yìnbọn lu ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó yìn ín ń bẹ níbì kan, kò sẹ́ni tó rí i. "Dem no kill am. Dem leave am make e dey cry." Ọkùnrin náà ń ké, ó ń pe orúkọ àwọn èèyàn. Àbúrò rẹ̀ jáde lọ fà á, wọ́n pa á. Ẹlòmíràn tún jáde, wọ́n pa òun náà. Gbogbo ẹni tó wà nínú igbó ló ti mọ̀ báyìí. Kò sí ohun tó ṣókùnkùn mọ́.

"Then my papa stand up."

Boma kò sọ ìyókù. Ó di èyí tó kù nínú irun mi, ó dì í dáadáa, kò fún un jù.

Nígbà tó parí, mo bi í bóyá mo lè fi sínú ìtàn mi. Ó ronú títí. "Put am. But no put my papa name."

Tọ́sìdeè, 4 Júláì

Mo ti rí i. Kì í ṣe ebi wa, kì í ṣe oorun wa. Àánú wa ni.

Ẹranko tuntun náà kò tóbi ju ewúrẹ́ lọ. Ó rí bí òkúta, ó tutù bí òkúta, ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun. Oró kan ṣoṣo ló ní, ó sì máa ń pẹ́ kí òmíràn tó kún, nítorí náà kì í fi ṣòfò. Èèyàn kan ṣoṣo ni yóò ta lẹ́sẹ̀, kò ní pa á. Yóò wá dúró. Ẹni tí ó ta yóò ké. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò wá, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á kọ ẹ̀yìn sí òkúta. Ẹranko náà ní eyín fún ìyẹn.

Orúkọ rẹ̀ ni Adúródeni.

Mo kọ ojú ìwé mọ́kànlá láìdúró. Ọwọ́ ń ro mí. Inú mi dùn débi pé ó ń bà mí lẹ́rù.

Túsìdeè, 9 Júláì

Oyún pé oṣù márùn-ún lónìí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn méjì ìṣáájú.

Tọ́sìdeè, 18 Júláì (ọsibítù)

Mọ́ńdè ló ṣẹlẹ̀, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lè mú bírò.

Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀ Sọ́ńdè, gọ́tà kún, omi tó wà lójú pópó dé orókún. Káyọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Trans-Amadi. Mo dìde lọ sílé ìtọ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni. Mo di ẹnu ọ̀nà mú. Ìyá ló rí ojú mi.

Obìnrin tó jẹ́ pé bí òjò lórí páànù ni Gẹ̀ẹ́sì rí létí rẹ̀, ó jáde sínú omi, ó la ẹnu: "Ẹ gbà mí o! Ìyàwó mi o! Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ wá o!" Ta ló gbọ́ Yorùbá lójú pópó wa? Kò sẹ́ni tí kò jáde. Ọkọ̀ kankan kò lè wọ pópó wa nítorí omi. Boma kígbe sí ọkọ rẹ̀, ọkọ náà àti ẹnì kan tí mi ò mọ̀ yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn kúrò lára férémù, wọ́n tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n gbé mi lé e lórí. Mi ò mọ iye ọwọ́ tó wà lábẹ́ mi. Ẹnì kan na agboòrùn sí mi lójú, agboòrùn tó ti ya. Bàbá àgbà tó ń gbé ní ìkángun pópó, tí kì í kí ẹnikẹ́ni, ló ń fi ọ̀pá wá ibi tí gọ́tà wà níwájú kí àwọn tó gbé mi má bàa jìn sí i.

Boma di ọwọ́ mi mú. "No close eye. Look my face. Jumo, look my face."

Takisí wà ní oríta. Wọ́n gbé mi wọ̀ ọ́.

Dókítà Pius fi fèrè onígi kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn ọmọ sí ikùn mi, ó fi etí lé e. Ó pẹ́. Ó gbé e lọ síbòmíràn, ó tún pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. "This one get strong head." Okùn ṣì di ẹnu ilé ọmọ mú.

Ìyá ti ń sunkún láti ìgbà náà, ó ní ojú òun ló ń yún òun.

Fúráìdè, 26 Júláì

Mo ti padà sílé. Mi ò fọwọ́ kan ìtàn náà. Mi ò fẹ́ rí ọ̀rọ̀ náà, òkúta.

Wẹ́sìdeè, 31 Júláì

Oòrùn yọ. Ọmọ náà tapá sí mi ní ìhà ọ̀tún, Ìyá sì rí i láti òde aṣọ mi. Ó pariwo bí ẹni rí ẹja nínú odò.

Sátidé, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo ka orí tuntun fún Káyọ̀, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Pidgin fún Boma. Ìyá wà nínú ilé ìdáná, ó ní òun kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pa rédíò.

Nígbà tí mo parí, Káyọ̀ gba ìwé náà, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀nà àbáyọ rọrùn. Kí àwọn èèyàn Ilẹ̀ Ọ̀sán ṣòfin pé ẹni tí Adúródeni bá ti ta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ bá a mọ́. Ẹnì kan ló máa kú, ìlú á là. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, ebi á pa ẹranko náà.

Òótọ́ ni. Ẹni tó kọ́ Bàọ́lọ́jì kò lè rí àṣìṣe níbẹ̀. Mo bínú sí i síbẹ̀.

Mo yí sí Pidgin, mo ní, "Boma, ṣé o rò pé ó yẹ kí wọ́n má lọ?" Mo sọ ọ́ tán ni mo rántí ẹni tí mo ń bi. Ojú tì mí.

Boma kò bínú. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "People don ask me whether my papa na fool. I don ask myself too." Ó gbójú sókè wo Káyọ̀. "But my brother, if na you dey cry for that road, which kind people you go want make dey inside that bush?"

Ohùn Ìyá ló ti ilé ìdáná wá. Mi ò mọ iye tó gbọ́ nínú Pidgin náà. "Ìlú tí èèyàn á máa ké tí kò sẹ́ni tó máa jáde, ẹranko ti jẹ ẹ́ tán nìyẹn."

Túsìdeè, 6 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọn kò ní dẹ́kun lílọ. Wọn kò kàn ní lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ni.

Ohun tó mú kí Adúródeni lágbára náà ni àléébù rẹ̀. Oró kan ló ní. Ara tí kì í ná okun rẹ̀ kò ní ohun tó lè ná lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá pọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin tí ń jẹ́ Ganiyat bẹ̀rẹ̀ sí ké lójú ọ̀nà, gbogbo ìlú yọ ilẹ̀kùn ilé wọn, wọ́n gbé e dání yí ara wọn ká bí ògiri tó ń rìn, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, àgbà àti ọmọ ọwọ́. Ẹranko náà rí wọn. Kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ganiyat, wọ́n gbé e, wọ́n tún rìn padà, kò sì sí ẹ̀yìn kan tí wọ́n kọ sí òkúta.

Adúródeni kò kú. Kò kàn rí jẹ mọ́ ní agbègbè yẹn.

Mo sunkún nígbà tí mo kọ ọ́. Ìyá ní kí n tọ́jú omi ara mi fún ọmọ.

Túsìdeè, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì

Orin ológun ní rédíò láti àárọ̀. Ìjọba ti yí padà. Wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé. Ìyá ní, "Ó kúkú ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti ń ṣe ìyẹn."

Sátidé, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo kọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo ti rò pé màá yọ̀, oorun ló gbé mi lọ. Boma yóò bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí tàpíráítà ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó ní òun kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òun mọ álífábẹ́ẹ̀tì, kí n fúnra mi fi àmì sí i. Àmì inú ìwé yìí á tó àgbàdo inú oko.

Mọ́ńdè, 7 Òkìtóbà

Káyọ̀ ti Ìbàdàn dé, eruku bò ó. Ó jókòó ní iwájú tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá nígbà tí ìyẹn ń ka orí kẹta. Ó ní ọkùnrin náà kà á dé ibì kan, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó wá pe akọ̀wé rẹ̀ láti yàrá kejì pé kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá ṣe lọ́dọ̀ òun.

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní kí n kí ọ. Ó ní wọ́n máa tẹ̀ ẹ́."

Mo ní kí Káyọ̀ tún sọ ibi tó ti wo ẹ̀yìn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Fúráìdè, 18 Òkìtóbà

Dókítà ti gé okùn. Ó ní mo lè rìn báyìí, kí ọmọ wá nígbà tó bá wù ú. Ẹsẹ̀ mi rí bí ti ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo di Ìyá mú lápá kan, mo di Káyọ̀ mú lápá kejì, a dé ẹnu ọ̀nà Boma. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó.

Tọ́sìdeè, 24 Òkìtóbà

Kò tíì wá. Òjò ti ń dínkù. Ìyá ti fọ aṣọ ọmọ tí kò dọ̀tí lẹ́ẹ̀mejì.

Sátidé, 2 Nòfẹ́ńbà

Ọmọbìnrin ni. Àárọ̀ Wẹ́sìdeè ló dé, ó kéré, ó pupa, irun kún orí rẹ̀. Ó ké kí ara rẹ̀ tó jáde tán. Dókítà Pius gbé e sókè, ó kàn ń wò ó.

Káyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tí ó lè gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní "ẹ". Nọ́ọ̀sì rò pé àdúrà ló ń gbà.

Ìyá ti ní orúkọ lẹ́nu, kò fẹ́ sọ ọ́ títí di ọjọ́ kẹjọ. Boma náà ní tirẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi létí, mo sì gbà.

Mo fẹ́ kọ bí imú rẹ̀ ṣe rí àti bí ó ṣe ń di ìka mi mú, ṣùgbọ́n ó ti jí, ó sì ń wá mi.